Kàfúrà Inú Àpótí Ìyá Ọkọ Mi

Ẹ̀yìn ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ ni mo dàgbà sí, nínú ilé bàbá ìyá mi. Gọ́tà kan wà níwájú ilé náà tí kì í gbẹ, ẹ̀ẹ̀rùn ni o, òjò ni o. Ẹ̀fọn inú rẹ̀ kò lóǹkà. Bí ibà bá dé, àwa obìnrin ilé a máa gbọ̀n pẹ̀pẹ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora, àwọn ọkùnrin a sì máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, tó ń tún ọ̀kadà ṣe, a máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́ láìwẹ̀wù, á na apá síta, á ní kí ẹ̀fọn wá jẹun. "Ibà kì í dá ọkùnrin ilé wa dùbúlẹ̀," ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Òótọ́ sì ni. N kò rí i kí ibà dá a dùbúlẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni n kò rí i kó ṣe ẹ̀gbọ́n tèmi ọkùnrin náà ju kí orí fọ́ ọ títí di ọ̀sán.

Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ ẹrù ìyàwó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Tíṣà ni èmi àti ọkọ mi, òun ní ilé ẹ̀kọ́ girama, èmi ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ibà kì í sì í jìnnà sí ọkọ mi yìí. Tó bá ti dùbúlẹ̀, tó ń pòṣé, tó ń béèrè omi gbígbóná, èmi a máa rẹ́rìn-ín. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, ọmọkùnrin tí mo bá bí fún un kò ní ṣe bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ ilé wa ni yóò ní. Ajíṣebí Ọ̀yọ́ là ń rí, Ọ̀yọ́ kì í ṣe bí ẹnì kankan. Ẹnu èmi yìí náà ni mo fi sọ ọ́.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi nílé wa ni pé àwọn tó ṣẹ́kù ló ń yangàn. Ìyá àgbà mi bí àwọn ọkùnrin mìíràn tí wọn kò pẹ́ láyé. Ojú wọn pọ́n rakọrakọ, wọn kò mu ọyàn mọ́, wọ́n sì lọ. Ibà pọ́njú ni wọ́n pè é, wọ́n sin wọ́n sẹ́yìnkùlé, wọ́n gbin kókò sórí ibẹ̀. Òkú ọmọ ọwọ́ kò lè jókòó sẹ́nu ọ̀nà kó máa fọ́nnu.

Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó dùn mí láti kọ ọ́ sílẹ̀, torí ìbá rọ̀ mí lọ́rùn ká ní ó burú. Obìnrin tó mọ́ tónítóní ni. Àgbàlá rẹ̀ kò ní koríko, ìsàlẹ̀ ìkòkò rẹ̀ kò dúdú. Ó ní àpótí onírin kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, inú rẹ̀ ni ó kó aṣọ tí ọkọ mi wọ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ sí: súwẹ́tà kékeré, fìlà òwú, ìbọ̀sẹ̀, aṣọ ìgbọ́mọ aláwọ̀ omi ọsàn. Láàárín ìṣẹ́po aṣọ kọ̀ọ̀kan ni ó fi kàfúrà sí, èyí funfun roboto tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá lọ́jà. Bí kàfúrà bá ti tín-ín-rín, á fi òmíràn rọ́pò. Aáyán kò gbọdọ̀ débẹ̀, kòkòrò ajẹṣọ kò gbọdọ̀ débẹ̀. "Àkọ́bí mi ló wọ̀ wọ́n," a máa wí fún mi láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ọmọ rẹ̀, "àkọ́bí tiẹ̀ náà ló máa wọ̀ wọ́n." Bí mo bá wọ yàrá rẹ̀, òórùn yẹn a gún mi nímú dé ọpọlọ.

Nígbà ọyẹ́ ni mo bí ọmọ mi. Ọkùnrin ni. Bí a ṣe ti ọsibítù dé, Màmá fa àpótí jáde. Ó gbọn kàfúrà inú aṣọ dà sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì wọ ọmọ láṣọ bẹ́ẹ̀ tààrà. Mo ní kí n kọ́kọ́ ṣan wọ́n lómi. Ó wò mí bí ẹni tí mo bú.

"Ta ní í fọ aṣọ tó ti mọ́? Òórùn mímọ́ lo ń gbọ́ yẹn."

Ọyẹ́ ń fẹ́, a ti fèrèsé, a tilẹ̀kùn. Ọmọ wà nínú súwẹ́tà, fìlà, ìbọ̀sẹ̀, ó tún wà nínú aṣọ ìgbọ́mọ. Imú rẹ̀ nìkan ló yọ síta.

Ìyá mi dé láti Ọ̀yọ́ nígbà tó ku díẹ̀ kí a sọmọ lórúkọ. Ó gbé ọmọ lọ sí ojú fèrèsé, ó fi ìka la ìpéǹpéjú rẹ̀. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ dúró. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yíjú sí ìyá ọkọ mi.

"Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, màmá wa. Ẹ kú làálàá. Ọmọ yìí ò wá pọ́n díẹ̀ bí?"

"Pupa náà ni bàbá ẹ̀ ṣe nígbà tá a bí i," Màmá dáhùn. "A ti ń gbé e sóòrùn láàárọ̀, a sì ń fún un lómi ìbẹ́pẹ. Ó máa dúdú ni."

"Òótọ́ lẹ sọ," ni ìyá mi wí. Ó dá ọmọ padà fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀ bó ṣe ń dá a padà.

Ọ̀yọ́ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ìyá ìyàwó kì í wá sílé àna wá pàṣẹ. A ti gbọ́n nínú ìkíni títí a fi lè kí ikú káàbọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ọmọ kò mu ọyàn. Igbe rẹ̀ ti yí padà, ó tín-ín-rín, ó ń gún ni létí bí igbe ológbò. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń tẹ̀, orí rẹ̀ ń fà sẹ́yìn. Mo ní ká máa lọ sí ọsibítù. Ọkọ mi wo ìta, àga ti kún, àwọn àgbà ìjọ ti jókòó, ìrẹsì ti ń hó lórí iná.

"Jẹ́ ká sọ ọmọ lórúkọ ná," ó ní. "Kò ní pẹ́."

Wọ́n fi iyọ̀ kàn án lẹ́nu, wọ́n gbàdúrà. Wọ́n fi oyin kàn án lẹ́nu, wọ́n tún gbàdúrà. Ọmọ tuntun a máa lá oyin, ẹ ti rí wọn náà. Tèmi kò lá a. Oyin náà ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ lọ sínú súwẹ́tà, àwọn ènìyàn sì ṣe àmín.

Nọ́ọ̀sì tó gba ọmọ lọ́wọ́ mi ní ọsibítù kò tíì wo ojú rẹ̀ tó fi béèrè ẹni tó fi kàfúrà sáṣọ ọmọ. Imú ló fi mọ̀. Ó bọ́ gbogbo rẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ó jù wọ́n síta wọ́ọ̀dù. Wọ́n tẹ́ ọmọ mi sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù, wọ́n sì pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, wọ́n ń fa tiẹ̀ jáde, wọ́n ń fa ti ẹlòmíràn wọlé. Mo wò ó títí. N kò mọ̀ pé ènìyàn lè rí ẹ̀jẹ̀ ilé bàbá ìyá rẹ̀ nínú abẹ́rẹ́ kí wọ́n sì dà á nù.

Nígbà tí ó di pé yóò yè, dókítà pe èmi, ọkọ mi àti Màmá jókòó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, sùúrù rẹ̀ pọ̀.

"Kòkòrò ibà tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń wọ̀ lọ gbé," ó ní. "Irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ yìí ní, kò rọrùn fún kòkòrò yẹn láti ráyè nínú ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ láàárín wa níbí. Láyé àtijọ́, ibà ń pa ọmọ wẹ́wẹ́. Àwọn tó ní irú ẹ̀jẹ̀ yìí ló ń yè jù, wọ́n dàgbà, wọ́n bímọ, wọ́n gbé e fún ọmọ. Ẹ bá dé ìlú òtútù tí ò sí ẹ̀fọn, ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ rí i níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tó yẹ kó máa dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ náà tí kò tó nínú ẹ̀. Tí kàfúrà bá kàn án, ńṣe ló máa fọ́ bí ẹyin. Oje rẹ̀ tó pọ́n, òun lẹ rí lójú ọmọ, òun ló sì ń gun ọpọlọ lọ."

"Níbo ló ti rí irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀?" Màmá bi í.

"Àbùdá ni, màmá, ó jogún ẹ̀ ni. Ọmọkùnrin kì í gba eléyìí lọ́dọ̀ bàbá. Ọ̀dọ̀ ìyá ló ti ń gbà á. Kì í ṣe ẹ̀bi ìyá o. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ní in tí wọn ò mọ̀. Kàfúrà yẹn ni kẹ́ ẹ jáwọ́ nínú ẹ̀."

Àlàyé tó tẹ̀lé gbólóhùn nípa ìyá, afẹ́fẹ́ ló gbé e lọ. Mo rí ojú Màmá bí ó ṣe tú ká. Ara tù ú. Ó ti ń bẹ̀rù láti ìgbà tí nọ́ọ̀sì ti ju aṣọ yẹn síta, ó sì ti rí ibi tó máa gbé ẹrù náà kà.

A gbé ọmọ dé ilé, ó ń mu ọyàn, ó ń sanra, gbogbo ènìyàn ń dúpẹ́. Ó ti ń dá jókòó nígbà tí ọmọrí ìkòkò ńlá bọ́ lọ́wọ́ mi lórí sìmẹ́ǹtì, ní ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an. Ó ń fi ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣeré lọ. Mo gbé ọmọrí náà, mo mọ̀ọ́mọ̀ jù ú sílẹ̀. Kò mira. Màmá ló sáré jáde láti yàrá rẹ̀, tó ń béèrè pé kí ló dé. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi, mo sì sunkún bí mi ò ṣe sunkún rí láyé mi.

Etí rẹ̀ ti lọ. Oje pupa yẹn ti dé ibi tó ń lọ kí á tó parí ìsọmọlórúkọ.

Bí àwọn ènìyàn ṣe ń wá bá wa kẹ́dùn ni Màmá ń ṣàlàyé fún wọn. "Dókítà ló sọ ọ́ o, kì í ṣe èmi. Ẹ̀jẹ̀ ilé ìyá ẹ̀ ni. Ọkùnrin ilé wọn ló máa ń mú." Ó máa ń sọ ọ́ pẹ̀lú àánú, èyí ló burú jù níbẹ̀. Kò sọ kàfúrà rí. Ọkọ mi á sì tẹjú mọ́lẹ̀. Ìgbà tí mo ní kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ìyókù ohun tí dókítà wí, ó ní ìyá òun ti dàgbà. Mo bi í pé ọmọ wa ńkọ́, ó ti dàgbà ni? Ó dìde, ó lọ máakì ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Mo lọ sí Ọ̀yọ́ lọ bá ìyá mi. Ó jókòó lórí àpótí kékeré níwájú gọ́tà yẹn, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Ẹ rí i," mo ní. "Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbé e sójú fèrèsé, ẹ rí i."

Kò jiyàn. "Mo rí i. Ojú yẹn ni ojú àwọn àbúrò mi tó lọ."

"Ẹ ò wá lè sọ?"

"Ilé àna mi mà ni. Kí n débẹ̀ kí n máa bá àna mi du ọmọ? Kí wọ́n ní ìyá ìyàwó wá fi ẹnu burúkú kan ọmọ wọn?" Ó da ẹ̀wà tó ti ṣà mọ́ èyí tí kò tíì ṣà. "Mo rò pé ilé tibí nìkan ló máa ń ṣe."

Àárín ọdún yẹn ni ọ̀rọ̀ dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí nínú. Mo ń ronú pé gọ́tà yẹn ló rán ẹ̀jẹ̀ wa bí télọ̀ ṣe ń ránṣọ, ó wọ̀n ọ́n mọ́ wa lára láti ìran dé ìran, ó ń gé èyí tí kò bá a mu dànù. Ẹnikẹ́ni kò bi wá bóyá a fẹ́. Ọmọ tó bá ibí mu ni yóò dúró níbí, ìyẹn la sì ń pè ní agbára, tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi ń bọ́ ẹ̀wù. Ẹ̀jẹ̀ wa mọ ẹ̀fọn. Kàfúrà dé lẹ́yìn, nínú ọ̀rá, láti ibi tí wọn kò ti mọ̀ wá, kò sì sí ìran kankan tó ti kọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ohun tó máa fi í ṣe.

Mo rò pé mo ti rí òpin ìkorò yẹn, kò rí bẹ́ẹ̀. Àbúrò ọkọ mi obìnrin wá bímọ ọkùnrin nínú ilé kan náà. Aṣọ wọ̀nyẹn ti padà sínú àpótí, Màmá ti ṣà wọ́n níta wọ́ọ̀dù, ó ti fọ̀ wọ́n, ó sì ti fi kàfúrà tuntun sí wọn. Nígbà tí mo rí i tó ń fa àpótí jáde, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má wọ̀ ọ́ fún un."

Kò bínú. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. "Ìyàwó mi, mo mọ̀ pé ó ń dùn ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tiwa mọ́."

Wọ́n wọ̀ ọ́ fún un. Mo ń ṣọ́ ojú ọmọ yẹn láàárọ̀, mo ń ṣọ́ ọ lálẹ́. Ojú rẹ̀ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ó ń mu ọyàn, ó ń dàgbà, ó ń sun oorun rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ó lá oyin títí ó fi ń wá ìka tó fi oyin sí i lẹ́nu. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá wo ọ̀dọ̀ mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé nǹkan kan kò ṣe ọmọ náà, inú mi sì bàjẹ́ pé nǹkan kan kò ṣe é. Méjèèjì ló wà nínú mi lẹ́ẹ̀kan náà, n kò sì ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni nípa rẹ̀.

Ọmọ mi dàgbà. A mú un lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn odi, ó kọ́ èdè ọwọ́, èmi náà kọ́ ọ mọ́ ọn. Bàbá rẹ̀ kọ́ díẹ̀. Màmá kò kọ́ nǹkan kan, síbẹ̀ òun ni ọmọ yìí fẹ́ràn jù nínú ayé. Ó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ń tẹ̀ lé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹran inú ọbẹ̀ rẹ̀, ọmọ mi ló ń jẹ ẹ́. Bó bá ti ti ilé ẹ̀kọ́ dé, á ki imú bọ ìró Màmá, á fa òórùn kàfúrà símú, á sì rẹ́rìn-ín. Èmi á máa wò wọ́n láti ilé ìdáná. Mo máa ń fà á kúrò níbẹ̀, mo máa ń purọ́ pé iṣẹ́ wà tí mo fẹ́ rán an. Láti kékeré ló ti mọ̀ pé mi ò fẹ́ràn ìyá àgbà rẹ̀. Kò mọ ìdí rẹ̀. Mo ń dúró kó tó ọkùnrin kí n tó sọ fún un. Nígbà tó tó ọkùnrin, Màmá ti ń ṣàìsàn, mo sì ń dúró kó kú.

Nígbà tí Màmá kú, àpótí onírin yẹn ni ó ní kí wọ́n fún ọmọ mi. Ó gbé e sórí kẹ̀kẹ́ lọ sí yàrá rẹ̀ ní àdúgbò Under G, níbi tó ti ń gẹrun fún àwọn ọmọ yunifásítì. Wọ́n á fi fọ́tò orí fóònù hàn án, á mi orí, á tan kílípà. Ọwọ́ rẹ̀ dára, wọ́n máa ń tò dè é. Ó fẹ́ ọmọbìnrin kan tó ń ta ìpápánu níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọmọ tí etí tiẹ̀ ń gbọ́, tó tìtorí rẹ̀ kọ́ èdè ọwọ́. Ọmọ náà lóyún. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò ní ọsibítù pé obìnrin ni.

Mo lọ kí wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá. N kò tíì wọlé tán tí òórùn náà fi kò mí lójú. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ káàbọ̀," ó ní, ẹsẹ̀ mi sì dúró lójú kan, torí èmi ni Màmá báyìí. Àpótí wà ní ṣíṣí lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ mi ti ra aṣọ ọmọ tuntun, ó ti ṣẹ́ wọn po pẹ̀lú súwẹ́tà bàbá rẹ̀, ó sì ti ra ọ̀rá kàfúrà lọ́jà. Ó ń fi wọ́n sáàárín aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ó ṣe rí i tí Màmá ń ṣe é.

Ó fi ọwọ́ sọ fún mi pé òórùn Màmá ni òun fẹ́ kí ọmọ òun kọ́kọ́ mọ̀.

Mo gba ọ̀rá yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, mo jù ú sí ìta. Ojú rẹ̀ le. Ó bi mí, ọwọ́ rẹ̀ ń yára: "Màmá ti kú. Kí ló ṣe fún yín tí ẹ ò lè dárí jì í?"

Ni mo bá jókòó, mo sì sọ fún un. N kò sọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí pẹ̀lú ọwọ́ mi. Mo sọ ti ọyẹ́, ti súwẹ́tà, ti oyin tó ṣàn dànù, ti iná búlúù. Mo sọ fún un pé wọ́n bí i pẹ̀lú etí tó ń gbọ́. Ìyẹn, mo ní láti tún un sọ. Mo sọ ohun tí dókítà sọ nípa ẹ̀fọn àti nípa ẹ̀jẹ̀, mo sì sọ fún un pé ọkùnrin tó bá ní in, gbogbo ọmọbìnrin tó bá bí ló máa gbà á lára rẹ̀, tí àwọn náà á sì lè gbé e fún ọmọkùnrin tiwọn. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí ilẹ̀, ó ń wo ọwọ́ mi.

Ọmọ mi wo àpótí náà títí. Mo ń retí kó bínú sí i. Mo ti ń retí ìbínú yẹn láti ọdún pípẹ́, mo fẹ́ kó bá mi pín in. Ṣùgbọ́n ohun tó bi mí kọ́ nìyẹn.

"Ẹ̀jẹ̀ ta ni?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Màmá fi ọjọ́ ayé rẹ̀ sọ fún àwọn àlejò, tí mo fi ń di eyín, tí mo fi kórìíra rẹ̀ wọ inú sàréè, èmi ni mo máa fi ọwọ́ ara mi sọ ọ́. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àyà mi.

Ó wo ọwọ́ mi níbi tó wà. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọwọ́ lé àyà tiẹ̀. Ó wá na ọwọ́ náà sí ikùn ìyàwó rẹ̀, ọwọ́ sì dúró lójú ọ̀nà, kò dé ibẹ̀.